Oyin Kọ́, Àmọ́ Mo Ti Bá Ọ Tọ́ Ọ Wò

Samsudeen Àkànní ọmọ mi,

Kí àlàáfíà máa bá ọ gbé ní Èkó, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òórùn gọ́tà ibẹ̀ ba imú tí o fi ń kẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Bí o ṣe wọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, àmín. Bàbá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ abilà ti bí ìbejì, iṣu tuntun sì ti ń wọlé láti oko.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o. Ìwọ nìkan kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, èmi náà wà ní kíláàsì àwọn àgbà, ẹ̀rù sì ń bà mí bó ṣe ń bà ọ́. Olùkọ́ wa, Ayọ̀tọ́lá, ní kí oníkálùkù kọ lẹ́tà sí ẹni tó bá wù ú, òun ni ìdánwò wa, ẹni tí kò bá yege yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti fa ewé ìwé mẹ́rin ya. Ìyá Àyọ̀ká tó jókòó tì mí ti parí tiwọn kíá, mo bá ń rò ó pé bóyá orí mi kò gba ìwé.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù dé. Bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mò ń dá ọ lóhùn, mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun, o ò dúró gbọ́, ńṣe ni ò ń sọ tìrẹ lọ. Ó dùn mí díẹ̀. Nígbà tí Ramlah tún un tẹ̀, o tún ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà gẹ́lẹ́ lo tún sọ. Mo wá mọ̀ pé ìdánwò ló dà ọ́ lọ́kàn rú, mo sì dárí jì ọ́.

Mo gbọ́ pé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò gbé tẹkílà mẹ́ta síwájú rẹ, kí o fi imú àti ahọ́n sọ èyí tó jẹ́ tuntun, èyí tó ti lo ọdún kan nínú àgbá onígi, àti èyí tó ti lé ní ọdún mẹ́ta níbẹ̀. O ní ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan ni wọ́n ń hú ìdí rẹ̀ bí ẹni ń wa iṣu, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń fún. O ní òórùn kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń mú wá sí ọ nímú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń dárúkọ èso tí o kò jẹ rí, bí o bá sì kùnà, wọn á ní kí o máa bọ̀ nílé. Ẹkún wà lóhùn rẹ. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo bá rántí àpò tí o gbàgbé sílé nígbà Iléyá. Mo tú u, mo rí ìgò kéékèèké mẹ́ta tí o fi ìbọ̀sẹ̀ wé, o kọ ení, èjì, ẹ̀ta sí wọn lára. Mo ní alihamudulilai. Èmi tí gbogbo Ògbooro ń gbé oyin wá bá kí n dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú, ṣé omi ewéko ló máa ṣòro fún mi?

Mo kọ́kọ́ ro díẹ̀díẹ̀ sórí iyanrìn. Oyin gidi máa ń ká jọ ni, ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlẹ̀ wìì. Ọkàn mi bàjẹ́, mo ní wọ́n ti bomi là á fún ọmọ mi. Mo ní kí n fi ìṣáná dán an wò, nítorí oyin tí omi bá wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìṣáná ràn. Bàbá Ramlah, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa. Mo ki ìṣáná bọ ẹ̀ta tí mo dà sínú ìdérí, mo ṣá a, iná aláwọ̀ aró ta sókè, ó sì mú orí irùngbọ̀n wọn lọ. Mo yọ̀! Láti ogún ọdún tí mo ti ń dán oyin wò, mi ò rí èyí tó yege tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn èèrà méjì tó wá wò ó ń rìn bí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà ilé.

Ó wá ku ahọ́n. Bí mo ṣe kọ́ ọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje ni mo ṣe: tọ́ ọ wò, tu ú dànù, fi omi yọ ẹnu. Ení ń ta ahọ́n bí ata, ó ń rùn bíi koríko tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Èjì ni koríko kan náà, àmọ́ ó ti lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ẹ̀ta ń rùn bí àpótí onígi tí ìyá mi ń kó òfì sí, pẹ̀lú oyin tó jó díẹ̀ nídìí ìkòkò, kì í ta ahọ́n, àyà ló ń lọ gbóná sí. Àkànní, má wá èso àwọn ẹgbẹ́ rẹ kiri. Dijú, kí o bi ara rẹ pé níbo nínú ilé wa ni mo ti gbóòórùn èyí rí? Ohun tó bá wá sí ọ lọ́kàn ni kí o kọ.

Bàbá Ramlah kò mọ̀ pé à ń tu ú. Wọ́n ní ó dára fún ikọ́, wọ́n gbé ìdérí mẹ́rin mì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, wọ́n dì mọ́ bàbá rẹ, wọ́n ní ìjà igi kajú méjì tó wà láàlà oko ti parí, kí bàbá rẹ máa ká a. Kíá ni bàbá rẹ sáré lọ pe Ládòkun aládùúgbò wa wá ṣe ẹlẹ́rìí, kí wọ́n lè kọ ìwé ààlà.

Ibí yìí ni mo kọ ọ́ dé tí mo fi fún Ayọ̀tọ́lá. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní ọtí líle ni tẹkílà. Mo bi í bóyá èyí tí èèyàn bá tu dànù wà lára ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní ìwé kíkà lòun ń kọ́ wa, òun kì í ṣe Àfáà. Ṣùgbọ́n ó fún mi ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá! Ní ti Bàbá Ramlah, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti wá béèrè bóyá oògùn ikọ́ kù. Màá sọ òótọ́ fún wọn, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ka sí ìwé ààlà.

Jọ̀wọ́, bá mi wá owó ìwé kíkà tuntun àti awò ojú, fi rán dẹ́rẹ́bà tó ń ná Ṣakí. Má fi sínú fóònù mọ́, ti ìjẹta ń dún nínú fóònù ni, mi ò rí ibi tó gbà jáde.

Èmi ti yege, ó ku ìwọ. Ọlọ́run yóò ṣí imú rẹ, kò ní dójú tì ọ́ níwájú àwọn tó ń dán ọ wò. Bí o bá délé, mi ò ní bi ọ́ bóyá ìwọ lo gba ipò kìíní. Ohun tí mo máa bi ọ́ ni pé, Àkànní, ṣé o tu ú?

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùyìbátù,
akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì.