Nítorí Alùpùpù Rẹ Tí Mo Gé

Abdulmumini ọmọ mi,

Asabe ìyá rẹ kú ní ọjọ́ Àlàmísì, ní àárín òjò ọdún tó kọjá, ọdún 1993, kí oòrùn tó kan àtàrí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ náà wà níbi fídáù, ṣùgbọ́n Míìsì Ìrètí, tíṣà ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ní ẹni tó bá ń kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi ń kọ ọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ohun yòówù tí o bá kà nísàlẹ̀ tó bá bí ọ nínú, padà wá ka òkè yìí.

Ṣé dáadáa ni o wà ní Kàdúná? Ṣé ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ń jí ire? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí yóò mú wa jókòó sílẹ̀ lójijì. Kí ó fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kí ó má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ rí ẹ̀bi rẹ, kódà bí ẹ̀bi bá wà níbẹ̀. Àwa náà ń bẹ, àlíhámúdù lílá. Àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ọ̀kan kú. Hadiza àbúrò rẹ ti wà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú oyún rẹ̀, ó ku bí oṣù méjì, àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n ní bí ó bá ti ń rọbí kí a má wo ojú ara wa, ọsibítù ní Ìlọrin ni kí a gbé e wá kíákíá. Mo bi wọ́n pé kí ni a ó fi gbé e. Wọ́n ní takisí. Mo ní takisí wo ló ń wọ bùdó wa? Wọ́n pe ẹlòmíràn.

O mọ ọ̀nà wa, láti ojú títì dé ẹnu ilé tó ìrìn wákàtí kan. Orí ọ̀kadà ni a gbé ìyá rẹ sí lọ́jọ́ tó kú, ọlọ́kadà níwájú, èmi lẹ́yìn, òun láàárín, a fi ìborùn rẹ̀ dè é mọ́ ẹ̀yìn ọlọ́kadà bí ọmọ tuntun. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá rò ó pé alùpùpù ń wọ bùdó wa, ọkọ̀ kò wọ̀ ọ́, kí ló dé tí alùpùpù kò fi lè bí ọkọ̀? Mo fi igi ya á sílẹ̀: iwájú alùpùpù kan, ẹsẹ̀ taya méjì lẹ́yìn, ibùsùn páìpù irin láàárín wọn, àti páìpù tó tẹ̀ bí òṣùmàrè lókè kí a lè ta tapólì lé e lórí. Alùpùpù rẹ tó wà ní yàrá kejì, tí o ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn, mo fọwọ́ kàn án. Mo gé ẹ̀yìn rẹ̀. Míìsì Ìrètí ní kí n rọra sọ ọ́. Mo ti rọra sọ ọ́.

Ó wá ku ẹni tí yóò jó irin mọ́ irin. Mo wọ Ìlọrin, mo wo àwọn wẹ́dà Challenge, mo wo ti Post Office, mo wo ti Ọ̀fà Garage. Mi ò wo iṣẹ́ wọn, kí ni mo mọ̀ nípa irin? Ojú wọn ni mo wò, nítorí bàbá mi ní ojú ni a fi ń mọ ẹni tí a lè fi ọmọ wa lé lọ́wọ́. Ní Ọ̀fà Garage mo rí ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Olúwọlé, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata ṣọ̀ǹbọ̀. Mo bi í pé ọtí wo ló mu láàárọ̀ yìí. Ó ní, Bàbá, iná ni mo mu. Àwọn tó yí i ká hó yèè. Mo ní irú yín náà ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, mo kọjá lọ. Míìsì Ìrètí ní kí n má fi ọwọ́ òun bú ará ìlú òun. Mi ò bú u, ìròyìn ni mo ń jẹ́.

Lẹ́yìn Post Office ni mo ti rí wẹ́dà kan tó ń jẹ́ Salahudeen. Ojú rẹ̀ funfun bí òwú, ó jókòó tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń ka Kùránì. Mo bi í bí bàbá rẹ̀ ti kú, ó ní orí ẹní ìrun ni. Mo ní ìwọ ni mo ń wá.

Salahudeen dé pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Ó jó díẹ̀ mọ́ ara wọn, ó wá mú páìpù, ó fi há pàlàká igi máńgòrò, ó fà á. Páìpù tẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ibi tó ti tẹ̀ rí pẹlẹbẹ bí ìrèké tí wọ́n ti jẹ tán. Mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ nìyí? Ó ní kádàrá páìpù náà ni.

Ọkàn mi kò gbà á. Mo padà sí Ọ̀fà Garage, mo jókòó ní òdìkejì ìsọ̀ Olúwọlé, mo ń ṣe bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Mo rí i tó ń rọ iyanrìn sínú páìpù, tó ń fi òòlù kékeré gbá a lára kí iyanrìn lè jókòó, tó tún ń rọ sí i, tó wá fi èdídí igi dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ó fi iná sí ibi tó fẹ́ tẹ̀ títí ó fi pọ́n, ó sì rọra yí i mọ́ ara irin róbótó kan. Ó tẹ̀, kò rún rárá. Mo gbàgbé pé mo ń fara pamọ́, mo sọdá títì, mo ní kí ni iyanrìn ń ṣe níbẹ̀? Ó ní, Bàbá, páìpù tí inú rẹ̀ ṣófo, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò wọnú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó yó kò ríbi wọ̀. Ọmọ mi, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó tún fẹ́ sọ nǹkan kan nípa iyanrìn náà, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n, mo ń lọ.

Mo kó iyanrìn létí odò. Mo rò ó pé aboyún ni yóò gun nǹkan yìí lọ, ọmọ tuntun ni yóò bá a bọ̀, kò yẹ kí ìdọ̀tí wà nínú egungun rẹ̀. Mo fọ iyanrìn náà lẹ́ẹ̀mẹta bí a ti ń ṣe àlùwàlá, mo ṣe bísímílà sí i, a rọ ọ́ sínú páìpù pẹ̀lú omi lára rẹ̀, Salahudeen sì gbá èdídí wọlé gbọn-in gbọn-in. A dáná sí i. Kò pẹ́ tí páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, mo sì sún mọ́ ọn kí n gbọ́ ohun tó ń sọ. Salahudeen kò dúró gbọ́. Ó dún gbòsà! Èdídí fò kọjá létí mi, ó dá páànù ilé ìdáná Talatu, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, lu, ó bọ́ sínú ìkòkò tùwó rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Talatu jáde pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, ó ní, Bàbá Mumini, ìbọn ni ẹ ń rọ ni, àbí ẹ fẹ́ yìnbọn lu málékà ikú? Mo ní bí ó bá tún yà síbí, mo ti ṣe tán. Ó padà wọlé, ó bu tùwó wá fún mi. Salahudeen rán ènìyàn wá gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, a kò rí òun fúnra rẹ̀ mọ́.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Olúwọlé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, Bàbá, omi tí ẹ tì mọ́ inú iná, ilẹ̀kùn ló ń wá. Iyanrìn gbígbẹ ni, yíyan ni à ń yan án bíi gààrí. Ó ní iná tí wọ́n fi ń jó irin náà ló sì ń mú ojú wẹ́dà pọ́n, pé wẹ́dà tí ojú rẹ̀ funfun báláú kò tíì jó nǹkan kan. Mo wo àwọn tó kù ní ìsọ̀, gbogbo wọn ni ojú wọn pọ́n. Mo ní bàbá mi kò rí wẹ́dà kó tó kú.

Ó tẹ̀lé mi wá sílé. Ó fi òòlù kan ibi tí Salahudeen jó, ó já. Ó kan òmíràn, ó já. Ó yan iyanrìn nínú agbada Talatu, ó tẹ páìpù kan fún wa, Hadiza fi ọwọ́ pa á, ó ní ó dà bí ọwọ́ apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìwé alùpùpù. Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀. Mo ní kí Míìsì Ìrètí kọ orúkọ mi sókè tìrẹ, èmi ni mo ṣáájú rẹ dáyé, ó ní ẹ̀wọ̀n ni ìyẹn yóò gbé òun lọ. Olúwọlé sì fi òòlù sílẹ̀, ó ní òun kò ní fi iná kan ohun tí kì í ṣe tèmi àfi bí ẹni tó ni ín bá kọ̀wé pé òun gbà. Mo ní èmi ni mo bí ẹni tó ni ín. Ó ní, Bàbá, ìwé kò mọ ìyẹn. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Salahudeen ì bá ti jó o.

Fi owó páìpù àti ẹsẹ̀ kan tó kù ránṣẹ́. Fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ìlọrin, má gba báǹkì, nítorí ọjọ́ tí mo lọ sí ọ̀kan, ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì kò kí mi, mi ò sì lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò kí mi. Ọlọ́run yóò tẹ́ ọ lọ́rùn, yóò dá ẹ̀mí rẹ sí, àwọn ọmọ rẹ yóò bọ̀wọ̀ fún ohun ìní rẹ ju bí bàbá rẹ ti ṣe lọ.

Ìwọ ni àkọ́bí mi, ìwọ sì ni ìwé mọ̀. Bí o bá gbà kí Olúwọlé jó o, kọ ọ́, kí o buwọ́ lù ú. Bí o bá ní rárá, má kọ ìyẹn sí mi. Wá fúnra rẹ, kí o sọ ọ́ lójú Hadiza, kí o sì sọ ohun tí a ó fi gbé e fún un. Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi, ọwọ́ rẹ ló wà.

Bàbá rẹ,
Abdulraheem