Ẹ̀rọ Tí Kò Fẹ́ Èémí Ènìyàn

Mọ́ńdè, 1 Júláì 2024

Iṣẹ́ ńlá wọlé. Ìjọ Áńgílíkà kan ní Àpòmù fẹ́ ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ìtàn ìjọ wọn. Wọn ò gbé e lọ sí Ìbàdàn. Èmi Ṣàmsúdéènì ni wọ́n gbé e fún ní Ìkirè níbí, èmi mùsùlùmí, èmi tí n kò kọjá kíláàsì kẹta. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n rán wá, Ìyá Susannah. Mo fi ìwé kan tí mo ti tẹ̀ rí hàn án. Ó yọ rúlà nínú báàgì rẹ̀, ó ń wọn etí ìwé. Láti òní lọ, Ìyá Rúlà ni n óò máa pè é.

Ó ní kí ìwé ti délẹ̀ kí ó tó di Sọ́ńdè ìparí oṣù. Mo ní kékeré nìyẹn.

Àgékù bébà ni mo ń kọ èyí sí. Ẹni tó ń tẹ̀wé fún gbogbo ìlú kì í ra ìwé.

Túsìdeè, 2 Júláì

Bébà dé láti Ìbàdàn. Òjò ń rọ̀ gan-an. Mo tú gbogbo rìímù kúrò nínú ọ̀rá wọn, mo gbọ̀n wọ́n, mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nínú yàrá ẹ̀rọ kí wọ́n lè mí. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ wa nìyẹn: bébà tó ti ọ̀nà jíjìn dé, ẹ bọ́ aṣọ lára rẹ̀ kí ó sinmi. Ó tún dùn ún wò. Ẹni tó bá wọlé á mọ̀ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi.

Raheemat ọmọ mi ló ń wa ẹ̀rọ. Ó lọ sí Poli. Enjiníà ni mo ń pè é, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ó ní kí n má tú bébà, pé inú ọ̀rá ló yẹ kí ó wà títí a ó fi lò ó. Mo ní inú lẹ́tà òjé tó dorí kodò, èyí tí a fi ń tẹ̀wé láyé àtijọ́, ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, kí wọ́n tó bí i. Ó padà sídìí ẹ̀rọ.

Àlàrùbá, 3 Júláì

Kí n kọ nípa ẹ̀rọ yìí sílẹ̀ nítorí ọjọ́ iwájú. Tókunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n láti Wásinmi títí dé Àpòmù, n kò tíì rí ẹni tó ní irú rẹ̀. Òyìnbó ni mo sọ ọ́, torí kò lè gbé láìsí éésì. Yàrá tirẹ̀ nìkan ló sì ní éésì ní gbogbo àdúgbò wa.

Nítorí náà, bí a bá ti kí ìrun Alásàrì tán, ọ̀dọ̀ mi làwọn ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀. Àbdùlràhmọ̀n tó wa lọ́rì títí ojú fi dùn ún. Khalid oní-sìmẹ́ńtì. Akíndèjì tó ń ra kòkó. Kirisẹ́ńì ni, kì í kírun, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ dé. Wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù àti búútà àlùwàlá lọ́wọ́, wọ́n á jókòó yí Òyìnbó ká, a ó tan rédíò. Ilé ẹni tó rí jájẹ làwọn èèyàn ń wọ́ lọ.

Jímọ̀, 5 Júláì

Bébà há sínú Òyìnbó. A yọ ọ́. Ó tún há.

Sátidé, 6 Júláì

Èyí tó bá tiẹ̀ jáde, ó ká. Ó ká bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn elédòdò dà sí ẹ̀bá títì. Mo ní kí a dì í pọ̀ ní ìwé bẹ́ẹ̀, pé bó bá wà lábẹ́ nǹkan wíwúwo yóò nà. Mo gbé àpò sìmẹ́ńtì Khalid lé e lórí.

Mọ́ńdè, 8 Júláì

Kò nà.

Ìyá Rúlà wá wo àwọn ìwé àkọ́kọ́. Ó gbé ìwé kan sórí tábìlì, ó yọwọ́. Ìwé la ẹnu fúnra rẹ̀. Ó ti rúlà bọ inú ẹnu náà, ó wò ó. Ó ní, "Alhaji, ìwé yìí ń yán." Ó ní bí èyí tó kàn bá tún yán, Ìbàdàn ni iṣẹ́ ń lọ. Kò pariwo. Tíṣà ni.

Mo sọ fún un pé ìgbà ló bàjẹ́, pé bébà òde òní kò dà bí ti àtijọ́. Raheemat wà níbẹ̀. Nígbà tí Ìyá Rúlà lọ tán, Raheemat ní ọ̀rinrin ni, pé bébà ń mu omi inú afẹ́fẹ́ bí gààrí ṣe ń mu omi, àti pé inú ẹ̀rọ gbóná: bí bébà tó ti rin bá kan ooru, kíká ló ń ká. Ó kan nǹkan kékeré kan mọ́ ògiri, ó dà bí aago, ó ní ó ń ka ọ̀rinrin inú yàrá. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà ní àádọ́ta, ó dára. Ó ti kọjá ọgọ́rin. Mo ní irú aago wo ni kì í sọ ohun tí aago lù.

Àlàmísì, 11 Júláì

Sàlámọ̀tù ìyàwó mi sọ ohun kan fún mi lórí oúnjẹ. Ó ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ń pe Raheemat, pé kí ó wá máa ṣe olórí àwọn ẹ̀rọ wọn. Ó ti sọ fún wọn pé òun yóò fèsì bí iṣẹ́ Àpòmù bá parí. Ìyá rẹ̀ bi í léèrè ìdí tó fi fẹ́ lọ. Ó ní, ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tòun.

Mo ní kí ó máa lọ. Èmi ni mo ni ẹ̀rọ. Kí ó tó wáyé ni mo ti ń tẹ̀wé.

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo lọ mú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni bí a ṣe ń lo Òyìnbó. Gẹ̀ẹ́sì ni apá kan, Jàpáànì ni apá kejì. Mo wo àwòrán inú rẹ̀. Mo dá a padà sí àyè rẹ̀.

Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ wa, kò sí ohun tí mo lè sọ tí yóò dá Raheemat dúró.

Sátidé, 13 Júláì

Oòrùn yọ! Orí mi pé. Bí ọ̀rinrin bá ni ọ̀rọ̀, ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni mí. Mo tẹ́ ẹní síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sá bébà. Raheemat ti lọ sí Àpòmù lọ gba àtúnṣe lọ́wọ́ Ìyá Rúlà. Akíndèjì bá mi tò ó, a fi òkúta tẹ etí rẹ̀. Ó fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ kiri bí a ṣe ń ṣe kòkó, mo ní rárá, bébà kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn awakọ̀ ń dín eré kù láti wò wá. Ẹnìkan béèrè iye tí a ń ta kóńgò.

Títí di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbẹ, ó ń dún wàràwàrà. Èrò mi nìyẹn o. Kò sí ní Poli.

Sọ́ńdè, 14 Júláì

Ó gbẹ jù. Àwọn bébà lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà nípá. Bí mo bá na ọwọ́ sí wọn, irun apá mi ń dìde. Òyìnbó gbé mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan náà, ó fún un lọ́rùn, ó dákẹ́ pátápátá.

Raheemat ṣí inú rẹ̀, ó ń yọ bébà jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ṣe é títí kò sọ̀rọ̀. Ìbá tiẹ̀ bínú. Nígbà tó parí, ó gbé ọ̀kan tó ti gbẹ ganringanrin sókè, ó ní, "Bàbá mi, ó ku epo àti ata."

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló jọ.

Túsìdeè, 16 Júláì

A ra bébà mìíràn. Èmi fúnra mi ni mo sọ pé kí wọ́n má tú u. Inú ọ̀rá ló wà nínú yàrá ẹ̀rọ láti àná, kí ara rẹ̀ lè bá ti yàrá mu. Raheemat ló ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó.

Lówùúrọ̀ Òyìnbó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́ bébà tún ń ká. Mo ní aago orí ògiri ti bàjẹ́. Raheemat gbé àga fún mi, ó ní kí n jókòó wò ó láti ìgbà ìrun Àìlà.

Mo wò ó. Mo dá wà níbẹ̀, kò kúrò lójú kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi dé. Ó gòkè. Wọ́n gbé búútà kalẹ̀. Ó gòkè. Àbdùlràhmọ̀n ń sọ ìgbà tó wa lọ́rì dé Káńò láìsí bíréèkì, ìtàn yẹn gùn. Ó gòkè sí i.

Raheemat ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Mo ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn.

Àlàrùbá, 17 Júláì

Báwo ni èèyàn ṣe ń lé àgbà jáde nílé rẹ̀? Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ìyẹn. Mo pa rédíò, bóyá wọn yóò lọ. Wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀, àwọn á lè gbọ́ ara wọn.

Àlàmísì, 18 Júláì

Mo sọ fún wọn pé ara ẹ̀rọ kò yá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí.

Jímọ̀, 19 Júláì

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n wá kí i. Wọ́n mú igbá-kejì lèmọ́mù dání, pẹ̀lú àwọn méjì tí n kò mọ̀ rí. Wọ́n dúró yí Òyìnbó ká, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n ṣe àdúà fún un, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà. Khalid gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní ara rẹ̀ gbóná lóòótọ́. Aago lọ síbi tí n kò rí i rí.

Raheemat jáde. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó ìyẹn. Mo gbọ́ "Ìbàdàn."

Sátidé, 20 Júláì

Mo sọ ọ́. N kò bo ojú ọ̀rọ̀. Mo ní bí wọ́n bá ń jókòó sínú yàrá yẹn, iṣẹ́ ń bàjẹ́, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ọmọ mi ń lọ.

Àbdùlràhmọ̀n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣàmsù, ṣé èémí wa ló ń ba bébà rẹ jẹ́?"

"Èémí yín, àti ẹsẹ̀ tútù yín."

"Èmi tí mo bá ọ lọ gbé ẹ̀rọ náà l'Apápá?"

"Ìwọ náà."

Ó mú búútà rẹ̀. "Ó dára. Olúkálukú á máa mí nílé rẹ̀."

Wọ́n lọ. Akíndèjì padà wá mú fìlà rẹ̀, kò wo ojú mi.

Sọ́ńdè, 21 Júláì

Kò sẹ́ni tó wá.

Túsìdeè, 23 Júláì

Òyìnbó ń sáré. Láti òwúrọ̀ kò tíì há. Raheemat ti ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ wọlé lọ wò ó, ó ní, "Ẹ̀yin náà, Bàbá." Mo ní èmi ni mo ni ín. Ó ní òun mọ̀.

Mo jókòó síta, mo ń gbọ́ ọ. Bí ẹni ń pa èkùrọ́ ní pẹ̀lẹ́. N kò mọ̀ pé ohùn rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀, torí rédíò.

Jímọ̀, 26 Júláì

Ìyá Rúlà wá kó ìwé. Ó gbé ọ̀kan sórí tábìlì, ó yọwọ́. Ìwé pa ẹnu dé. Ó fi rúlà lé e lórí, ó wo abẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kò rí ohun kan. Ó gbé òmíràn. Ó gbé òmíràn. Lẹ́yìn náà ó dá rúlà padà sínú báàgì, n kò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ó béèrè ẹni tó ṣe é. Mo ní èmi ni.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó sọ pé èmi àti ọmọ mi.

Sọ́ńdè, 28 Júláì

Akíndèjì lọ sí ìsìn ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ náà ní Àpòmù. Nígbà tó dé, ó mú ìwé náà lọ fún Àbdùlràhmọ̀n. Ní ìrọ̀lẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, wọn ò wọlé. Orí bẹ́ńṣì ìta ni wọ́n jókòó sí. Mo lọ bá wọn. Àbdùlràhmọ̀n ṣí ìwé, ó pa á dé, ó ṣí i. Ó ní, "A ò mí sí èyí." Khalid rẹ́rìn-ín, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ooru mú wa díẹ̀.

Mọ́ńdè, 29 Júláì

Mo bi Raheemat ní ojúkojú. Mo ní kí ni èsì Ìbàdàn.

Ó ní òun kò tíì fún wọn lésì. Ó ní òun lè dúró. Mo ní kí ni yóò gbà, bóyá kí n fi owó kún tirẹ̀.

"Kì í ṣe owó, Bàbá. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ ni. Kí ó wà lọ́wọ́ mi nìkan."

Láti ọjọ́ tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan nínú rẹ̀ tó kúrò ní ìdí mi. Bí mo bá ń sùn, ó wà ní ìdí mi. Mo ní n óò rò ó.

Túsìdeè, 30 Júláì

Mo ń rò ó. Sàlámọ̀tù béèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ ni mo máa ń jẹ.

Àlàrùbá, 31 Júláì

Mo tú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lára okùn lówùúrọ̀, mo fi lé Raheemat lọ́wọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé èrò mi ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó pe àwọn ará Ìbàdàn níṣojú ìyá rẹ̀, ó ní òun kò wá mọ́.

Ní ọ̀sán, mo kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi. Ẹ̀rọ ń lọ, kò gbọ́. Mo jókòó fúngbà díẹ̀. Mo tún kan án.