Àga Tí Mo Kàn fún Ẹni Tó Ń Jókòó

Ọmọ mi, Agùntáṣọọ́lò,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ìwé náà ń wọlé, ṣé o sì ń jẹun bí ẹni tó ní ìyá láyé? Èmi àti màmá rẹ wà, a ò rojọ́ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run tó fún ọ ní ẹsẹ̀ gígùn yóò máa fi ilẹ̀ tó tẹ́jú sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ẹlòmíràn bá ti ṣubú, ìwọ yóò dúró. Àmín. Màmá rẹ ní kí n kọ àmín tirẹ̀ náà sí i lọ́tọ̀. Àmín.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi kò jò mọ́, nítorí òjò ti dá. Ẹ̀rọ ìránṣọ màmá rẹ ṣì ń pariwo ju òun alára lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdíje náà le. Àbúrò rẹ obìnrin ti ga jù mí lọ báyìí, mo sì ti ní kó má dúró tì mí mọ́ níwájú àwọn oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n yín ló jẹ́ kí n mú báírò. O mọ̀ pé nọ́ọ̀sì tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa sọ pé iléèwé yín máa ń gbé eré yín sórí fóònù, ó sì ní ká máa wá wò ó ní pálọ̀ òun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kò sí ọ̀sán Sátidé kan tí a pa jẹ. Lọ́jọ́ kìíní, mo fá irùngbọ̀n, màmá rẹ wọ aṣọ ìjáde, torí a ò fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ rí wa bákan. Mo kí gbogbo yín, ẹ ò dáhùn. Mo ní eré ló gbà yín lọ́kàn.

Lọ́jọ́ náà ni ọmọ tí ẹ ń pè ní Òpó, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ yín, gbé bọ́ọ̀lù fò sókè, ló bá dúró sínú afẹ́fẹ́. Kò sọ̀kalẹ̀. Gbogbo èèyàn inú pápá dúró bí ère, ohun róbótó kan sì ń yí láàárín wọn. Màmá rẹ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run kó rọra gbé ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní dátà ló tán. Mo ní ẹni yòówù tó ń jẹ́ dátà, kò yẹ kó gbé ọmọ èèyàn dé òkè kó tó wá tán.

Mo tún rí i pé àwọ̀n yín kò ní ìdí. Ọmọkùnrin mẹ́wàá á sáré títí, wọn á tiraka ju bọ́ọ̀lù sí i, á sì já bọ́ láti ìsàlẹ̀, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá fi àwọ̀n náà ránṣẹ́, màmá rẹ ṣe tán láti rán ìdí rẹ̀ pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù lọ ni ipò rẹ. Àwọn márùn-ún ń làágùn, ìwọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, aṣọ rẹ mọ́ nigínnigín, táwẹ̀lì wà lọ́rùn rẹ, omi wà lọ́wọ́ rẹ. Ọkùnrin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tí kò ríbi jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń nàka, ó ń pariwo, ohùn rẹ̀ ti há. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní ìránṣẹ́ yín nìyẹn. Eré kìíní o jókòó, ìkejì o jókòó, títí dé ìkeje, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ọmọ mi ti di ọ̀gá. Ta ló máa ń jókòó kí àwọn yòókù máa sáré, tí kì í bá ṣe àgbà? Mo sọ fún onígbàjámọ̀, mo sọ fún alápatà, mo tilẹ̀ sọ fún ọkùnrin tó wá gba pósí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lójú ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Fọ́ọ̀mù tí iléèwé yín ní kí n fọwọ́ sí bi mí pé kí ni èmi àti eléré náà jẹ́ síra wa. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a wà dáadáa, àfi ọdún tó ju ayùn mi sínú kànga, mo sì ti dárí jì í.

Bẹ́ǹṣì yẹn nìkan ló dùn mí. Ojú káfíńtà ni ojú mi, kò lè ṣàì rí i. Kò ní ẹ̀yìn, ó sì kúrú débi pé orúnkún rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ. Ni mo bá mú igi tí mo ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́fà, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kan àga fún ọ, àga tó ga, tó ní ẹ̀yìn, tó ní ibi ìgbápálé, màmá rẹ sì rán tìmùtìmù sí i. Mo kìlọ̀ fún awakọ̀ pé kó gbé e dé inú pápá gan-an ní ọjọ́ eré kẹsàn-án, kó sì wí fún gbogbo èèyàn pé bàbá ẹni tó ń jókòó ló fi ránṣẹ́.

Awakọ̀ ní gbogbo pápá ló bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, o ò gbé ìpè wa mọ́. A ṣì ń rí ọ lórí fóònù, o ti sún lọ sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, o sorí kọ́. Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe mú iṣẹ́ tí o rán sí i wá bá wa, pé o fẹ́ dá jẹ́sì padà, pé o ò ní lọ sí eré tó kẹ́yìn.

Mo lọ bá tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ẹni tó gbá irú bọ́ọ̀lù yìí nígbà èwe rẹ̀, mo ní kó sọ ohun tí mo ṣe fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi. Ó wá ṣàlàyé pé ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ni ẹni tí wọn ò tíì nílò, àti pé ọkùnrin tó ń dúró yẹn ni kóòṣì, ọ̀gá gbogbo yín. Ọmọ mi, ibi tí mo fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Mo rò pé mo ń gbé ọ ga ni, àṣé ẹ̀sín ni mo kàn, tí mo rán tìmùtìmù sí, tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ ní gbangba. Ojú tì mí débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Mo ti padà lọ bá onígbàjámọ̀ àti alápatà, mo sọ bó ṣe rí gan-an fún wọn. Ẹni tó gba pósí ni mi ò tíì rí.

Màmá rẹ ní òun ò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù wọlé, ìwọ lòun ń wò. Ó ní nígbà tí ẹ pàdánù eré kẹrin pẹ̀lú ẹyọ ayò kan, tí gbogbo wọn fi aṣọ bojú, ìwọ lo ń gbé omi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní lọ́jọ́ tí Òpó fi ẹsẹ̀ rọ́, ìwọ lo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń dìde tó bẹ́ẹ̀, òun ò mọ ìgbà tó ń jókòó.

Nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé ẹ pàdánù mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ borí mẹ́fà léraléra, ẹ tún pàdánù ọ̀kan, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, òun ni yóò sọ bóyá ẹ máa tẹ̀ síwájú. Ó ní báńdéèjì ṣì wà lẹ́sẹ̀ Òpó.

Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ nípa iṣẹ́ mi. Bí mo bá ń kan àga, ẹsẹ̀ márùn-ún ni mo máa ń gé, kì í ṣe mẹ́rin. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Igi kan náà ni, mo sì fá ìkarùn-ún bí mo ṣe fá àwọn yòókù, kí n tó fi í ti ògiri. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àga á jáde lọ, kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀kan bá là lójú ìṣó, tí oníbàárà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ìkarùn-ún ni mo máa ń nawọ́ sí. Tí mi ò bá bá a lára ògiri, mo gbé nìyẹn.

O ti tó ọkùnrin, mi ò ní fi agídí mú ọ. Ṣùgbọ́n má tìtorí àga tèmi fi wọ́n sílẹ̀. Gbé e fún kóòṣì yín, kó bá mi jókòó díẹ̀, ẹsẹ̀ ń dun ọkùnrin náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Mo mọ̀ pé owó tí wọ́n ń san fún ọ ní ibi ìkówèésí kò tó nǹkan, àmọ́ bó o bá lè rí owó ọkọ̀ èèyàn méjì, fi ránṣẹ́, ká lè wá wo eré náà níbi tí dátà ò ti lè tán. Kó owó náà fún awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, má fi í sí báńkì. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, èèyàn mẹ́fà wà lẹ́yìn mi. Mo ní ẹni tó mọ̀ pé àṣírí ni kì í béèrè rẹ̀ níta, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n bá pè ọ́, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀. Ọjọ́ tí wọn ò bá pè ọ́, ojú ò ní tì ọ́. Wàá pẹ́ láyé, wàá sì ṣe wá lóore. Àmín méjì, bí ti àtẹ̀yìnwá.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.

Mo gbàgbé nǹkan kan. Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ àga rẹ yẹn là láàárọ̀ ọjọ́ tí awakọ̀ fẹ́ gbé e lọ, ìkarùn-ún ló wà nídìí rẹ̀ báyìí. Dojú rẹ̀ dé, yẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò dáadáa, kí o sì fi hàn mí tí a bá dé. Èmi tí mo kàn án, mi ò mọ èyí tó jẹ́ mọ́.