Káàdì Màámi Wà Nínú Ìwé Tí Mo Yá

Bọ̀dá Jídé,

Ẹ má jẹ́ kí Màámi dìde. Èyí tó kù nínú oògùn ọkàn wọn ni wọ́n lò láàárọ̀ yìí, kò sì sí orúkọ kankan lára ọ̀rá rẹ̀.

Mo ti dé ọsíbítù. Kọ̀ǹpútà wọn ti kú láti ọjọ́ Ajé, gbogbo àkọsílẹ̀ aláìsàn sì bá a lọ. Nọ́ọ̀sì ní, "Àǹtí, káàdì àtijọ́ yín dà? Àwa ò lè fojú díwọ̀n oògùn ọkàn o."

Nígbà tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní káàdì ò wúlò mọ́, èmi ni mo fi ti Màámi sàmì sí ibi tí mo kàwé dé nínú ìwé ìtàn tí mo yá lọ́wọ́ Juliana ọ̀rẹ́ mi. Mo dá ìwé náà padà láìkà á tán, káàdì sì wà nínú rẹ̀. Juliana ti fi ìwé náà yá ẹnì kan ní Òkè-Oyì, ẹni yẹn náà ti fi yá ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni mo ń lọ. Mi ò rò pé màá rí i.

Mo sọ fún Màámi pé oògùn ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa irọ́ náà mọ́.

Tẹniọlá