Màmá Adeline Kessler, Tíṣà Tó Tọrọ Àforíjì Nítorí Ààrẹ Grant

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1931 ni wọ́n bí Màmá wa, Adeline Rose Kessler, ní ìlú Tarlow ní ìpínlẹ̀ Ohio, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ìyá wọn. Josef Hruska ni bàbá wọn, ọmọ ilẹ̀ Czech ní Yúróòpù tó wọkọ̀ ojú omi wá sí Amẹ́ríkà nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, tó sì ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ táyà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ludmila ni ìyá wọn. Àwọn méjèèjì kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n Josef a máa gé àwòrán àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà nínú kàlẹ́ńdà, a sì máa lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ilé ìdáná, láti orí Washington títí dé orí ẹni tó wà lórí oyè. Ibẹ̀ ni Màmá ti kọ́ bí a ṣe ń kàwé. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n lè pe gbogbo wọn tẹ̀léra, wọn a sì pe Cleveland, tó jẹ ààrẹ ní ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe yẹ.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Tarlow lọ́dún 1949, wọ́n gba ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ lọ, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1953, wọ́n padà sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà láti máa kọ́ni ní ìtàn. Ní ọdún 1955, wọ́n fẹ́ Walter Kessler, tó ń tún ẹ́ńjìnnì rélùwéè ṣe, ní ìjọ Kátólíìkì tó wà lẹ́bàá odò. Bàbá wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìrìn àjò ìgbéyàwó wọn ni wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ, nítorí pé Màmá ní kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí ibojì Ààrẹ Garfield ní ìlú Cleveland. Títí Bàbá fi kú ni wọ́n ń sọ fún àlejò pé, “Àwa mẹ́ta la jọ lọ.”

Àwọn tí Màmá kọ́ láyé ìgbà yẹn kò ní gbàgbé kíláàsì wọn. Wọn a máa kọ orúkọ àwọn ààrẹ sójú pátákó, wọn a pín wọn sí ọ̀nà méjì, àwọn tó dára àti àwọn tí kò wúlò. Tí wọ́n bá dé orí Ulysses Grant, wọn a ya ìgò ọtí kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Wọn a ní ọ̀gágun rere ni lójú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àmọ́ nígbà tó di ààrẹ, ọ̀mùtí tí àwọn ọ̀rẹ́ ń tàn jẹ ni. Kíláàsì a bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí wọ́n fi kọ́ Màmá fúnra wọn ṣe sọ ọ́, wọn kò sì rí ìdí kankan láti bi ìwé náà léèrè.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1972, lẹ́yìn tí ilé ìwé jáde, ìyá àgbà kan wọlé pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí. Ozella Gaillard lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Yvette, wà ní kíláàsì Màmá, òun sì ni ọmọ aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó jókòó níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Ìgò náà ṣì wà lójú pátákó. Ìyá àgbà wò ó fún ìgbà díẹ̀ kó tó jókòó.

“Tíṣà, mi ò wá jà,” ló wí. “Ọmọ yìí délé, ó ní ẹ ní Grant kò wúlò. Mo ní kí n wá sọ ohun tí wọ́n sọ fún wa nílé.”

Ó wá sọ fún Màmá pé ẹrú ni wọ́n bí bàbá bàbá òun ní York, ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó sọ àwọn ẹrú dòmìnira, ó dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun tó fi aṣọ bojú, tí kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dìbò, fi gun ẹṣin wá síwájú ilé rẹ̀. Wọn kò bá a nílé lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n bá aládùúgbò rẹ̀, wọ́n sì pa á. Láti ìgbà náà ni bàbá àgbà náà, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ti ń sá lọ sùn nínú igbó, nínú òtútù, títí àwọn ọmọ ogun tí Grant rán wá fi dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn abòjú náà.

“Ó lè mutí o, mi ò sí níbẹ̀,” ni Ozella fi kádìí rẹ̀. “Àmọ́ òun ló jẹ́ kí bàbá bàbá mi padà sùn lórí ibùsùn rẹ̀. A kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé wa.”

Màmá dìde, wọ́n sì nu ìgò náà kúrò. Nígbà tí wọ́n délé, wọn kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Bàbá bi wọ́n bóyá irọ́ ni ìyá yẹn pa.

“Mi ò mọ̀, Walter,” ni Màmá wí. “Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń kọ́ wọn, mi ò sì mọ̀.”

Ìsinmi ìgbà ooru méjì tẹ̀léra ni Màmá fi lọ jókòó sí ilé ìkàwé ní Columbus. Wọ́n ka ẹ̀rí tí àwọn ẹrú tó ti dòmìnira fẹnu ara wọn sọ níwájú àwọn aṣòfin ní ọdún 1871. Wọ́n ka òfin tí Grant fọwọ́ sí lọ́dún náà láti fi mú àwọn abòjú, àti bó ṣe rán ọmọ ogun sí àgbègbè mẹ́sàn-án ní South Carolina, York wà lára wọn. Wọ́n tún rí i pé òtítọ́ ni pé àwọn tó yí Grant ká jalè lábẹ́ rẹ̀, àti pé ó fọkàn tán àwọn tí kò yẹ. Màmá kò fi èyí pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó mú wọn sunkún nínú ilé ìkàwé náà ni pé gbogbo ìwé ọ̀hún ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, eruku ló bò wọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti kọ́ láti ọdún 1953, gbogbo àwọn tí wọ́n lè rí àdírẹ́sì wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà náà kò gùn: “Mo kọ́ ọ pé Ààrẹ Grant kò wúlò. Mo sọ ohun tí n kò wádìí, mo sì jẹ́ kí o rẹ́rìn-ín sí i. Jọ̀wọ́, dárí jì mí, kí o sì ka àwọn ojú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ yìí.” Bàbá ló ń lẹ sítáǹbù. Wọ́n ní ahọ́n àwọn ti di gọ́ọ̀mù, pé tí Màmá bá tún ṣe àṣìṣe lórí ààrẹ mìíràn, kí Màmá lọ wá ọkọ mìíràn. Lẹ́tà náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Ìlú gbóná. Inú àwọn kan dùn, àwọn kan dá lẹ́tà padà pẹ̀lú èébú. Ìyá kan kọ̀wé pé ojú ogun Vietnam ni ọmọ òun Dale kú sí, ṣùgbọ́n òun ti ka lẹ́tà náà fún un ní ibojì. Màmá fi èyí sínú Bíbélì wọn, ibẹ̀ la sì ti rí i.

Ní oṣù Karùn-ún, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́ pe Màmá. Norbert Fasig, alága wọn, kò pariwo. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún Ìyáàfin Kessler, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí sínú kíláàsì. Ó ní, “Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn òbí gbà pé ohun tí kì í ṣòótọ́ la fi kọ́ ọmọ wọn fún ọdún mọ́kàndínlógún?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá,” ni Màmá dáhùn. “Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.”

Ozella Gaillard jókòó síwájú pátápátá. Ẹni mẹ́ta sí méjì ni ìbò. Wọ́n gba ẹ̀kọ́ ìtàn lọ́wọ́ Màmá, wọ́n sì ní kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀wé. Ọdún méjì ni Màmá fi ṣe é. Kò rọrùn. Ìgbà kan wà tí Teresa, àkọ́bí wọn, bá wọn nínú gáréèjì tí wọ́n ń kọ́ ògiri ní ẹ̀kọ́ ìtàn. Àmọ́ àwọn tí wọ́n kọ́ ní títẹ̀wé rántí pé gbólóhùn tí wọ́n ń fún wọn láti tẹ̀ kò kúrò lórí òfin ọdún 1871.

Lọ́dún 1977, Lois Brandt, tó ń ṣe irun lójú pópó, tí Màmá kọ́ lọ́dún 1954, tó sì gba lẹ́tà tirẹ̀, díje fún ìgbìmọ̀ náà, ó sì wọlé. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè fún ni pé kí wọ́n dá Màmá padà sí kíláàsì ìtàn. Ẹni mẹ́rin sí ọ̀kan ni ìbò lọ́tẹ̀ yìí. Fasig wà lára àwọn mẹ́rin náà, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ tó wà pẹ̀lú wa lónìí.

Láti ìgbà náà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 1996, Màmá kọ́ni nípa àwọn ààrẹ tí ìtàn kò ṣe dáadáa sí. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù lẹ́yìn Grant ni Chester Arthur. Àwọn olóṣèlú tó ń pín ipò fún ọ̀rẹ́ ló gbé e sókè, kò sì sẹ́ni tó fọkàn tán an nígbà tí wọ́n pa Garfield tí òun sì di ààrẹ rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, òun ló fọwọ́ sí òfin pé ìdánwò ni kí ènìyàn fi máa wọ iṣẹ́ ìjọba. Màmá a sì sọ nípa obìnrin kan tí Arthur kò mọ̀ rí, tó ń kọ lẹ́tà sí i pé ó ṣì lè di ènìyàn rere, tí ààrẹ sì tìtorí bẹ́ẹ̀ lọ kí i nílé. Tí wọ́n bá sọ ọ́ débẹ̀, ohùn wọn a yí padà.

Ozella di ọ̀rẹ́ wọn. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń ríra, ọ̀kan á gbé páì ànàmọ́ wá, èkejì á gbé búrẹ́dì aládùn ti ilé Hruska, títí Ozella fi kú lọ́dún 1988. Nínú ìjọ, ọdún mọ́kànlélógójì ni Màmá fi lọ aṣọ pẹpẹ. Ní ilé ìkàwé ìlú, wọ́n máa ń kàwé fún àwọn tí ojú wọn ti ṣú. Bàbá fi wá sílẹ̀ lọ́dún 2004.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, àìsàn ọkàn gbé Màmá dé ilé ìwòsàn. Dókítà ọ̀dọ́ kan wá wò bóyá iyè wọn ṣì pé. Ó béèrè ọjọ́, ó béèrè ìlú, ó wá béèrè ẹni tó jẹ́ ààrẹ.

“Orúkọ rẹ̀ ni ẹ fẹ́, àbí irú ààrẹ tó jẹ́?” ni Màmá bi í.

Dókítà ní orúkọ ti tó. Wọ́n dárúkọ rẹ̀. Bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n gbá ọwọ́ rẹ̀ mú: “Èyí tó kù, ẹ má tíì kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.”

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Àwọn tí wọ́n fi sáyé lọ ni ọmọ méjì, Teresa àti Leonard. Ọmọ ọmọ mẹ́rin, Joanna, Karl, Beatrice àti Neil. Ọmọ ọmọ ọmọ kan, Ludmila. Àti Adájọ́ Yvette Gaillard, tí Màmá máa ń kà mọ́ àwọn ọmọ wọn tí ẹnikẹ́ni kò jà á níyàn.

Màmá, Ọlọ́run tí kò nílò ìwé ìtàn kó tó mọ irú ẹni tí a jẹ́ la fi yín lé lọ́wọ́. Ẹ sùn re o.