Èmi Ni Àmì Pupa Tẹ́ Ẹ̀ Ń Wò Lójú Fóònù

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo kí gbogbo ará ilé. Mo gbà pé orúnkún tó ń dùn yín ti ń gbọ́ oògùn, àti pé ẹ̀jẹ̀ ríru yín ò lọ sókè. Tó bá ti lọ sókè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká lẹ́tà yìí pa dìgbà tó bá wálẹ̀. Ara tèmi le. Ara Fúyẹ́ ọmọ yín náà ń yá, dókítà ní egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń so pọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ wá àga kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù.

Lọ́jọ́ tó ṣèṣe, mo sọ fún yín lórí fóònù pé ó fẹsẹ̀ kọ nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú rẹ̀. Ẹ ní, "Àbúrò, Ọlọ́run á bá mi tọ́jú ẹ. O ò fọmọ mi sílẹ̀. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi ń wo àmì rẹ̀ lójú fóònù, ọkàn mi balẹ̀." Mo ní àmín. Ẹ̀gbọ́n, àmín yẹn ò tọ́ sí mi. Àmì tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn kì í ṣe Fúyẹ́. Èmi ni.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ tọ́mọ yín ń wà ò ní ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ mìíràn ló ń fi okùn fà á lọ sókè. Tó bá ti tú okùn sílẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè láti ilẹ̀ ló ń gbé e kiri. Tí afẹ́fẹ́ bá já a kulẹ̀, oko olóko ló máa balẹ̀ sí, èmi á wa mọ́tò àti tírélà lọ, a ó tú apá ọkọ̀ náà, a ó gbé e wálé. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Iṣẹ́ mi kejì ni tíráká, ẹ̀rọ kan tí ò ju páálí ìṣáná lọ, tí mo máa ń fi téèpù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀ láràárọ̀. Òun ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà fún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìdíje. Àmì pupa tẹ̀yin ará ilé ń wò ń pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó dé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, káwọn tó ń bá a díje má baà máa tẹ̀ lé e lójú fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, iná pupa ń tàn lára tíráká, ó fẹ́ kú. Mo yọ ọ́, mo fi sí ṣájà nínú mọ́tò, mo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Bí mo ṣe yíjú padà báyìí, wọ́n ti ń pariwo pé nọ́ńbà méje, ọkọ̀ Fúyẹ́, ló kàn. Mo sáré lọ di etí apá ọkọ̀ mú, mo bá a sáré bó ṣe yẹ, ọkọ̀ gbéra, mo juwọ́ sí i. Mo padà sínú mọ́tò, mo bá tíráká níbẹ̀. Iná rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, ó ń ṣẹ́jú sí mi bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan.

Ohun tó yẹ kí ọmọlúàbí ṣe ni kó lọ bá Gíláàsì. Gíláàsì lọkùnrin tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì. Ohun tó fi sójú nípọn bí ìdí ìgò. Àmọ́ òfin wọn ni pé ẹni tó bá fò láìní tíráká, máàkì ọjọ́ yẹn ti wọgbó. Ipò kẹta ni Fúyẹ́ wà, ẹni mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ mú lọ sí ìdíje ńlá, ọjọ́ ìkẹyìn sì lọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ orí mi. Mo wo tíráká, mo wo mọ́tò, mo ní, ṣebí àmì tó ń rìn ni wọ́n fẹ́ rí? Mo ṣáná sí mọ́tò.

Mo mọ ọ̀nà tí ọ́fíìsì ní kí wọ́n fò gbà, mo wá títì tó sún mọ́ ọn jù. Níbi tó yẹ kó ti ga, mo wa mọ́tò gun òkè ilé omi pẹ̀lú tírélà lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Gíláàsì pè mí: "Onítírélà, ọmọ yín mà ń fò nílẹ̀ jù o! Àbí ewé ló ń já ni?" Mo ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó láyà. Mo yà sílé epo, ìlà ibẹ̀ ń sún díẹ̀díẹ̀, ó gbà mí ní ìdajì wákàtí. Ẹ̀yin náà pè mí níbẹ̀, ẹ rántí? Ẹ ní, "Ó ti pẹ́ lójú kan o, ṣé kò sí?" Mo ní ó ń yí po, ó ń wá afẹ́fẹ́. Obìnrin tó ń ta epo wò mí, ó wòkè, ó tún wò mí.

Mo wá lọ páàkì sábẹ́ igi kan kí n lè ronú. Kò pẹ́ tí Gíláàsì rí i pé àmì ò rìn mọ́, ó tún pè: "Nọ́ńbà méje ti balẹ̀. Ẹ máa lọ gbé e." Ó júwe ibẹ̀ fún mi dáadáa: ẹ kọjá ilé epo, ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ máa rí igi ńlá kan. Abẹ́ igi yẹn ni mo jókòó sí. Mo ní ẹ ṣeun, mo ti rí i. Nínú gbogbo irọ́ ọjọ́ yẹn, ìyẹn ló burú jù. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ó kọ Fúyẹ́ mọ́ àwọn tó ti balẹ̀ láyọ̀, kò sì sẹ́ni tó tún ń ṣọ́ ọ mọ́.

Mo rò pé á pè mí tó bá fẹ́ balẹ̀. Kò pè. Mo pè é lórí rédíò ìbánisọ̀rọ̀ inú mọ́tò, ohùn rẹ̀ ò wọlé. Mo pè é lórí fóònù, obìnrin inú fóònù ní òun ò lè rí ẹni tí mò ń pè. Mo pè é nígbà mọ́kànlélógún. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ obìnrin yẹn. Mò ń gbọ́ àwọn yòókù lórí rédíò, wọ́n ń padà wálé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà. Agogo mẹ́rin kọjá. Òjò ṣú lápá ìwọ̀ oòrùn, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo gbé rédíò. Mo ní, "Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín. Tíráká nọ́ńbà méje wà lọ́wọ́ mi. Àtàárọ̀ ló ti wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ibi tọ́mọ náà wà." Màdáámù tó ń darí ìdíje ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó rọra sọ ọ́, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù: "Ta ló rí i gbẹ̀yìn?" Bàbá kan tó ti balẹ̀ ní òun rí ọkọ̀ funfun kan nísàlẹ̀ òun ní nǹkan bí agogo méjì ààbọ̀, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ó sì ti lọ sílẹ̀ gan-an. Gíláàsì ní, "Onítírélà, mo ti sọ fún gbogbo ayé pé ó wà lọ́dọ̀ yín." Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Lẹ́yìn ibi òkúta yẹn, oko lọ rẹrẹ, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ tó ń fà wọ́n sókè ò lè fò lọ wá a torí ìjì. Àwọn yòókù pín ara wọn, wọ́n wọgbó. Èmi rántí ìjà wa. Ìgbàkígbà tó bá balẹ̀ síbi tí tírélà ò lè dé, tí mo fi èjìká ru apá ọkọ̀, mo máa ń ráhùn títí a ó fi délé ni: "Ṣé o ò rí oko tó ní géètì ni? Ṣé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni mí?" Mo ní, bó ti wù kó le tó, ọmọ yìí á wá géètì fún mi. Mo gba ojú títì, mò ń wò wọ́n ní géètì géètì. Àkọ́kọ́, màlúù. Ìkejì, ilẹ̀ lásán. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo rí nǹkan funfun, mo rò pé aṣọ tí wọ́n sá ni.

Ó jókòó sábẹ́ apá ọkọ̀. Kòtò kan tí koríko bò ló fọ́ imú ọkọ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Ẹ̀jẹ̀ ti kún bàtà rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ó ní, "Àǹkù, ẹ mà pẹ́ o. Àmọ́ mi ò bẹ̀rù. Mo fẹ́ wọ́ dé títì níbẹ̀rẹ̀, mo ní kí n má da ara mi láàmú, ṣebí ẹ̀ ń rí mi."

Mo já tírélà sílẹ̀, mo fi ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀ fún òjò, mo gbé ọmọ sẹ́yìn mọ́tò. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ló fi jókòó, tó gbẹ́kẹ̀ lé àmì tó wà lọ́wọ́ mi. Dókítà ní ká ní ó tún pẹ́ wákàtí kan sí i, ọ̀rọ̀ egungun kọ́ là bá máa sọ.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó lè sọ fún un. Ó kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì wọlé, nọ́ọ̀sì jáde, ó ṣì kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá ó ní, "Nígbà tẹ́ ẹ gun òkè ilé omi, báwo ni mo ṣe ga tó?" Mo ní Gíláàsì ní ewé lo ń já. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn dùn ún lẹ́sẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Máàkì kọ́ ló dùn mí. Ẹ ní ẹ ti rí mi, ìyẹn ló dùn mí. Ẹ sọ fún màmá mi fúnra yín. Tẹ́ ẹ ò bá sọ, ẹ má wá síbí mọ́."

Wọ́n yọ máàkì rẹ̀, ẹlòmíì ti gba ipò kẹta. Màdáámù ní kí n má fẹsẹ̀ tẹ pápá wọn fún ọdún kan.

Ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá wà níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èrò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n gbé báàgì yín, ẹ gbé e fún mi. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ kọjá lára mi, màá máa tẹ̀ lé yín lókèèrè títí dé ọsibítù, kẹ́ ẹ má baà ṣìnà.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká pe ọmọ wa kí ẹlòmíì dáhùn. Kó fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kó sì fún orúnkún yín lágbára, torí àjà kẹta ni wọ́n gbé Fúyẹ́ sí.

Èmi ni àbúrò yín tẹ́ ẹ pọ̀n dàgbà,
Onítírélà.

Mo tún ní: Mo mú lẹ́tà yìí lọ fún Fúyẹ́ kó kà á kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó ní mo gbàgbé láti kọ ọ́ pé mo sunkún nínú oko yẹn débi pé òun tí ẹsẹ̀ òun ti kán ló ń bẹ̀ mí. Mi ò gbàgbé.