Ọwọ́ Méjì, Ọmọ Mẹ́ta

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àárò wa. Ṣé orúnkún yín ti gbọ́ oògùn? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn dáadáa? Bí ẹ bá bèèrè tiwa, a dúpẹ́ pé a wà lókè eèpẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń sáré ka ìparí lẹ́tà kẹ́ ẹ tó ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò wò kí omi tó hó. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á ní ẹsẹẹsẹ, kẹ́ ẹ sì jókòó. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ rántí ìmọ̀ràn tẹ́ ẹ fún mi nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé bàbá àwọn ọmọ yìí, tí ìyàwó rẹ̀ kú tó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un. Ẹ fà mí wọ yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ní, “Ọmọ ọlọ́mọ ni kó o kọ́kọ́ bu fún, òun ni kó o kọ́kọ́ wẹ̀, òun ni kó o kọ́kọ́ dá lóhùn. Tìrẹ a dúró. Ayé ń wò ọ́.” Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sétí bí yẹtí. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, ọmọbìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹ̀gbọ́n ni mo ń kọ́kọ́ bu fún, lẹ́yìn náà àbúrò rẹ̀, Oníbéèrè, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bọ́ọ̀lù, tí èmi fúnra mi bí, a wá jókòó tì mí nílé ìdáná, èmi àti ẹ̀ a máa fi ṣíbí ha èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ìyàwó ojúlé kejì sọ pé irú mi ṣọ̀wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n kò gbà fún mi. Kò rí mi fín o. Ìbá sàn kó tiẹ̀ rí mi fín. “Ẹ ṣé, Àǹtí” ló máa ń wí bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, bó bá sì jẹun tán, á fọ àwo tirẹ̀, á gbé e sípò jẹ́jẹ́. Èmi tí mo ń fọ aṣọ gbogbo àdúgbò, tí mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ látàárọ̀ dalẹ́ ní ilé ìfọṣọ, ọmọ yìí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ rí. Òun ló ń fọ tirẹ̀, òun ló sì ń sá a. Nígbà tí àbúrò ìyá wọn wá lóṣù tó kọjá, tó ní kí Ẹ̀gbọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ọmọ náà kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Lọ́jọ́ kejì ni mo rí àpò rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ó ti kó aṣọ sí i. Bàbá wọn ní kí n má fipá mú un, pé kó yan èyí tó bá wù ú, kó sọ ọ́ fún obìnrin náà bó bá padà wá ní Sátidé. Lòun bá gun ọkọ̀ ẹrù rẹ̀, ó bá iṣẹ́ lọ. Ó wá ku èmi àti ọ̀rọ̀ náà nínú ilé.

Ìdí nìyí tí mo fi kó wọn lọ wo sinimá. Mo rò pé bí gbogbo wa bá jọ rẹ́rìn-ín lójú kan náà, bóyá ọkàn rẹ̀ a yọ́ kí Sátidé tó dé. Fíìmù tí tọmọdé tàgbà lè jọ wò ni, ti ìyá ewúrẹ́ kan tí àgbàrá gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, tó wá ń wá wọn láti abúlé dé abúlé. Mo tilẹ̀ wọ bàtà tó ń ta mí lẹ́sẹ̀, torí pé òun ló dára jù. Mo jókòó sáàárín, mo fi Ẹ̀gbọ́n sí ọ̀tún mi, mo fi Oníbéèrè sí òsì, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo ti wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bọ́ọ̀lù wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀gbọ́n lọ́hùn-ún, lórí ìjókòó tó kángun sí ògiri.

Mo ra gúgúrú, Ẹ̀gbọ́n ni mo sì kọ́kọ́ nà án sí. Ó tì í padà, ó ní kí n fún Bọ́ọ̀lù ná. Mo ní rárá, kó kọ́kọ́ mú tirẹ̀. Ó bu díẹ̀, ó kọjú síwájú, kò tún wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. Ó dùn mí. Oníbéèrè ní tirẹ̀ ń jayé: ó fẹ́ mọ̀ bóyá ewúrẹ́ náà ní ìyá ìyá, ó fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ ewúrẹ́ ní èdè. Ọkùnrin tó jókòó níwájú wa ti yíjú wò wá títí ó ti sú u.

Àárín fíìmù ni imú mi gbọ́ ọ. Ẹ mọ̀ pé kò sí bí aṣọ ṣe ń jóná tí mi ò mọ̀. N ó ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó yí àwọ̀. Òórùn aṣọ tó nípọn ni, ó ń rọra jó níbì kan lápá iwájú. Mo wò yí ká, kò sẹ́ni tó mira, ewúrẹ́ ni gbogbo wọn ń rín. Mo dìde. Ọkùnrin iwájú ní kí n jókòó, àwọn tó wà lẹ́yìn ní mo dí àwọn lójú. Ìtìjú mú mi, mo jókòó. Mo sọ fún ara mi pé òórùn ibi iṣẹ́ ló ṣì wà nímú mi. Ìgbà tí mo tún máa gbójú sókè, etí kọ́tìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí fíìmù ti ń hàn ti pọ́n, níbi tó ti fara kan gílóòbù, èéfín sì ti ń gun òkè.

Ẹnì kan pariwo iná. Gbogbo gbọ̀ngàn náà ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì: ọwọ́ ọ̀tún gbá Ẹ̀gbọ́n mú, ọwọ́ òsì gbá Oníbéèrè mú, mo sì forí lé ẹnu ọ̀nà tó wà lápá òsì. Mi ò ronú rárá. Ọwọ́ mi ṣe ohun tó ti ń ṣe láràárọ̀ ni, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti kọ́ ọ. Àwọn èèyàn ń ti ara wọn, èéfín ń wọ̀ mí lọ́fun. Ẹ̀gbọ́n ń já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó ń pariwo ohun kan tí mi ò gbọ́. Mo ní nínú ara mi pé, àní nínú iná, ọmọ yìí kò fẹ́ kí n di òun lọ́wọ́ mú. Mo wá dì í mú le sí i, mo wọ́ ọ jáde.

Oòrùn ṣì wà níta. Mo wo ọ̀tún mi, mo wo òsì mi, mo fẹ́ máa dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Àǹtí, Bọ́ọ̀lù ńkọ́?”

Ìyá mi o! Ọmọ tó ti inú mi jáde ni mo fi sílẹ̀ nínú iná. Mo sáré padà, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti na apá dí i, ó ní kò sẹ́ni tó tún ń wọlé, pé kí n dúró de àwọn panápaná. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́. Níbi tí èmi àti ẹ̀ ti ń fà á ni Ẹ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba abẹ́ apá ọkùnrin náà kọjá, ó wọlé.

Ó wá di ọmọ méjì nínú èéfín, ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Oníbéèrè di ìka mi mú, kò sì bèèrè nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù. Bí mo bá wọlé, ta ni n ó fi í tì? Bí mi ò bá wọlé ńkọ́? Ọmọge tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa dúró nítòsí, ó ń sunkún. Mo fi ọwọ́ ọmọ náà lé e lọ́wọ́, mo ní, “Má fi í sílẹ̀. Bó ti wù kí n pẹ́ tó, má fi í sílẹ̀.” Mo bọ́ bàtà tó ń ta mí yẹn dànù, mo fi èjìká ti aṣọ́nà náà, mo wọlé.

Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mo ń fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn àga lọ, mo ń pe Bọ́ọ̀lù, mo ń pe Ẹ̀gbọ́n, ikọ́ ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo ń gbọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń da omi lápá iwájú. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo ti ń rò bí n ó ṣe sọ ọ́ fún bàbá wọn, Ìyá mi. Ọ̀rọ̀ náà ti ń tò lẹ́nu mi. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ohùn igbe. Ohùn tó fi ń pe àbúrò rẹ̀ ni, bó bá sá sábẹ́ ibùsùn kí wọ́n má bàa wẹ̀ ẹ́.

“Bọ́ọ̀lù, yí bọ̀. Yí bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ti rí ẹsẹ̀ ẹ.”

Mo dojú bolẹ̀, mo fi àyà fà lọ síbi tí ohùn náà ti wá. Ọmọ náà ti ká jọ sábẹ́ ìjókòó tó kángun sí ògiri, ó di irin àga mú, kò fẹ́ jáde. Ẹ̀gbọ́n ti bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó fi bò ó nímú. Mo di kókósẹ̀ ẹnì kan mú nínú òkùnkùn. Mi ò mọ kókósẹ̀ ọmọ wo ni, mi ò sì bèèrè. Mo fà á, èkejì sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a fi máa jáde, wọ́n ti pa iná náà. Kọ́tìnì kan ló jó, kò sẹ́ni tó kú, àfi àwọn tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lójú títì á ní kí ló wá tóbi níbẹ̀. Ọmọge tíkẹ́ẹ̀tì mú Oníbéèrè wá bá wa létí ọ̀nà lódìkejì, kò tíì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kí Ọlọ́run má fi òun náà sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú fún èéfín, ó ń bèèrè bóyá ewúrẹ́ ti rí àwọn ọmọ rẹ̀.

Mo yíjú sí Ẹ̀gbọ́n kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ń bí i. Ó ní kí ló dé tí mo fi Bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Mo ní àwọn ni mo kọ́kọ́ mú.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú wa?” ló wí. “Gbogbo ìgbà lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe tiwa. Nígbà tí Màmá mi wà, àlejò la máa ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Èmi àti Màmá mi a wá jókòó sídìí ìkòkò. Bọ́ọ̀lù ló ń jókòó níbẹ̀ báyìí. Ẹ ò pè mí síbẹ̀ rí.”

Gbogbo ọjọ́ tí mo rò pé mò ń tọ́jú ọmọ yìí, orí àga àlejò ni mo gbé e sí. Mi ò bá a wí rí. Mi ò rán an níṣẹ́ kó kùn rí. Bọ́ọ̀lù ni mo ń jágbe mọ́, torí pé tèmi ni. Mi ò sọ pé ìmọ̀ràn yín kò dára, Ìyá mi. Ẹ̀rù ẹnu ayé ló bí i, ẹnu ayé sì mú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ayé ni mo ń bu oúnjẹ fún, kì í ṣe ọmọ náà. Mo bínú sí yín díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má bínú, ó ti tán nínú mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo dáná, mi ò bu fún ẹnikẹ́ni ṣáájú. Mo gbé ìkòkò sílẹ̀, mo na ṣíbí sí Ẹ̀gbọ́n, mo ní kó sún, kó fi àyè sílẹ̀ fún mi. Ó gba ṣíbí, ó jókòó. Kò pẹ́ tí òun àti Bọ́ọ̀lù fi ń jà lórí èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ọmọ kékeré lulẹ̀. Mo bá a wí gidi gan-an, mo ní kó lọ fọ ìkòkò náà nítorí ọ̀kánjúwà rẹ̀. Ó kùn, ó pòṣé, ó sì fọ̀ ọ́. Òṣé kan kò dùn létí mi bẹ́ẹ̀ rí. Àǹtí ló ṣì ń pè mí, ìyẹn kò burú.

Ṣùgbọ́n ọ̀la ni Sátidé. Nígbà tí mo gbálẹ̀ yàrá wọn lónìí, àpò náà kò sí lábẹ́ ibùsùn mọ́. Ó ti fà á síta. Mi ò bèèrè ìdí. Bó bá lọ, n ó di oúnjẹ fún un, n ó sì gbìyànjú kó má rí omijé mi. Ẹ bá mi fi í sádùúrà.

Ọlọ́run yóò mú yín dàgbà sí i nínú àlàáfíà, orúnkún yín kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó nígbà tí ayọ̀ bá ń pè yín. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ojú wa ó sì rí ara wa láyọ̀.

Èmi ni ọmọbìnrin yín tó ń gbọ́ràn jù bó ṣe yẹ lọ.

Mo tún rántí: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa kí n tó tún un ṣí. Láàárọ̀ yìí tí mo jí, àpò Ẹ̀gbọ́n ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Mo rò pé ó ti múra tán. Mo ṣí i kí n wò bóyá ó mú súwẹ́tà rẹ̀, nítorí òtútù. Súwẹ́tà náà ló wà lókè pátápátá, ó ń rùn fún èéfín. Abẹ́ rẹ̀ ni ìbọ̀sẹ̀ wà, àti aṣọ ilé-ìwé, àti aṣọ tó fi ń sùn, gbogbo rẹ̀ ló dọ̀tí. Mo ti rẹ wọ́n sómi. Bí àbúrò ìyá wọn bá dé lọ́sàn-án, n ó sọ fún un pé aṣọ Ẹ̀gbọ́n kò tíì gbẹ.